Ẹ Di Ọgbẹ́ Náà Kí Ẹ Tó Wá Ọkọ̀

Àwọn ìmọ̀ràn tí a máa ń kà nínú irú ìwé báyìí ní ìgbà tiwọn: ìgbà ebè kíkọ wà, ìgbà kòkó kíká wà, ìgbà tí ẹ̀fọn ń pọ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ìgbà. Ó lè dé bá ẹni tí ó ń ṣán oko ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó sì lè dé bá ẹni tí ó ń ti ilé ìsìn bọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ń tú lára ènìyàn ni, àti ohun tí ó tọ́ kí ẹni tí ó wà nítòsí ṣe kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

N kò ní fi èrò mi pamọ́. Mo gbà pé nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ti pa láàrin wa, àwọn kan wà tí kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan ni ó pa wọ́n, ìkánjú wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kánjú wá ọkọ̀, a kánjú wá ewé, a kánjú gbé wọn sókè. Ṣùgbọ́n a kò kánjú fi ọwọ́ wa dí ibi tí ẹ̀mí wọn ń gbà jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín láti gbà ni pé, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ọwọ́ ni a kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti máa ń rí. Kí a sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣán oko kòkó ní abẹ́ òkè Ọ̀kà. Àdá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bà á ní ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní oko pariwo. Ẹnìkan sáré lọ sí ojú ọ̀nà láti wá ọ̀kadà. Ẹnìkejì ń wá ewé kiri nínú igbó. Ẹ̀kẹta ká ọwọ́ lérí, ó ń ké pe Ọlọ́run. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ ẹnìkan lórí ọgbẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀kadà dé, wọ́n gbé e sí àárín ènìyàn méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti aba títí dé Ìwárò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ, kí ó kàn máa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà ni.

Àwọn baba wa wí pé bí omi bá dànù tí agbè kò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Òtítọ́ ni ní ti omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó dànù, ta ni yóò bá wa pọn òmíràn ní wàrà-ǹ-ṣeṣà? Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àgbàlagbà kò ju nǹkan bí lítà 5 lọ. Ẹni tí ó bá mọ kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 yóò rí i pé ìdá kan nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ ni. Bí lítà 2 bá ti jáde nínú rẹ̀, ẹni náà ti dé bèbè ikú. Ti ọmọdé tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí ó wọn kílò 10, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó lítà 1, nítorí náà ife ẹ̀jẹ̀ kan tí ó dànù lára rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wà ní itan bá gé, ẹ̀jẹ̀ lè pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú 5, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ro iye àkókò tí a fi ń kọ orin kan nínú ìsìn, kí ẹ lè mọ bí ìṣẹ́jú 5 ti kúrú tó.

Nísinsìnyí, ẹ wo ilẹ̀ wa. Orí òkè àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni Ọ̀kà tẹ̀dó sí, àwọn àdúgbò rẹ̀ sì jìnnà sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ aba wa wà ní ibi tí mọ́tò kò lè dé, tí ọ̀kadà pàápàá ń fi ìṣòro dé ní ìgbà òjò. Ilé-ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìwárò-Ọ̀kà, ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìpínlẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, èyí tí í ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. A dúpẹ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ dára. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 wé wákàtí kan, kí ẹ sì sọ fún mi, ta ni dókítà ẹni náà? Ẹni tí ó wọ aṣọ funfun ní Ọ̀wọ̀ kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ tí o dúró tì í ni.

Ohun tí ojú wa ti rí ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kínní, ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ru sìmẹ́ńtì sọ ìjánu nù ní Àkùngbá, ó sì ya wọ àárín àwọn ìsọ̀ tí ó wà ní iwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ọ̀nà Àkùngbá yìí ni àwa ará Ìkàrẹ́ ń gbà nígbà tí a bá ń lọ sí Ọ̀kà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọlu àwọn olùjọsìn ní ilé ìsìn Kátólíkì ti Fráńsísì Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tí ó kú tó 40, àwọn tí ó farapa sì pọ̀. A kó àwọn tí ó farapa lọ sí àwọn ilé-ìwòsàn ìlú náà, a sì ké sí àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Ìpè yẹn yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà síni lára ní ilé-ìwòsàn kì í ti inú ẹ̀rọ wá. Apá ènìyàn ni a ti ń gbà á, ó sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí ó sàn jùlọ fún aláìsàn ni èyí tí kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ òwe tí Olúwa pa nípa ará Samáríà, ẹni tí ó ṣàánú ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́ ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. A máa ń wàásù nípa àánú rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a wàásù nípa ètò iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ẹran tí ó ń gùn, ó ní owó lọ́wọ́, ilé èrò sì wà níwájú tí ó lè gbé e lọ. Síbẹ̀ kò kọ́kọ́ gbé e lé ẹran. Ó kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lọ ní ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí, ó sì di àwọn ọgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé e lé ẹran, lẹ́yìn èyí ni ó mú un dé ilé èrò. Àwa ti yí ètò yìí padà, ẹran ni a ń kọ́kọ́ wá.

Báwo ni kí a ti ṣe é? Iṣẹ́ náà kò le. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹfà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ọ.

Èkíní, wo àyíká rẹ, kí ìwọ náà má bàa di ẹni tí a ó gbé. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà mọ́tò ni, kí ẹnìkan dúró lókèèrè láti dá àwọn ọkọ̀ dúró. Bí ọ̀rá bá wà nítòsí, fi bo ọwọ́ rẹ, nítorí àwọn àrùn kan wà tí ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ranni. Bí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnìkan máa pe ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkejì ń ṣiṣẹ́: 122 ni nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 sì ni ti ewu gbogbo. Ṣùgbọ́n bí o bá dá nìkan wà, ọgbẹ́ ni kí o kọ́kọ́ mú.

Èkejì, ya aṣọ tí ó bo ibẹ̀, kí o lè rí ojú ọgbẹ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ a máa fi ara pamọ́ sí abẹ́ ṣòkòtò. Mú aṣọ tí ó mọ́ jùlọ nínú èyí tí ó wà lọ́wọ́, ìbáà ṣe gèlè, ìbáà ṣe ẹ̀wù tí o wọ̀ sọ́rùn. Ká a pọ̀, fi lé ojú ọgbẹ́, kí o sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí apá rẹ nà gbọọrọ, kí ìwúwo ara rẹ sì wà lórí rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí o sì máa fi aago wò ó. Má ṣe máa ṣí i wò. Ẹni tí ó ń ṣí ọgbẹ́ wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú dà bí àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu tí ó sì ń hú u wò bóyá ó ti ta: ẹ̀jẹ̀ tí ó ti fẹ́ dì ni ó tún ń tú ká. Bí aṣọ náà bá rin gbingbin, má ṣe ṣí i kúrò. Fi òmíràn lé e, tẹ̀ ẹ́ le sí i, kí o sì rí i dájú pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú gan-an ni ọwọ́ rẹ wà.

Ẹ̀kẹta, bí ọgbẹ́ náà bá jìn, tí ó sì wà ní ibi tí a kò lè fi ọ̀já so, bí abẹ́ abíyá, tàbí ibi tí itan ti so mọ́ ara, fi ìka ki aṣọ náà bọ inú ọgbẹ́ títí yóò fi kún, kí o sì tẹ̀ ẹ́ lórí. Aláìsàn yóò ké, nítorí ó dunni púpọ̀. Má ṣe jẹ́ kí igbe rẹ̀ mú ọ dẹwọ́. Ṣùgbọ́n a kì í ki aṣọ bọ inú ọgbẹ́ àyà tàbí ti ikùn.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀bẹ, igi tàbí irin bá há sínú ọgbẹ́, a kì í fà á yọ, nítorí òun ni ó dí ẹnu ihò náà. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhà méjèèjì, kí o sì fi aṣọ yí i ká kí ó má bàa mì.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, tàbí tí ó ti dínkù, di aṣọ náà mọ́ ọgbẹ́ pinpin, kí ẹ tó gbé e. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ààyè bá wà. Ẹ fi aṣọ bò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ tutù kì í tètè dì. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí omi, bí ó ti wù kí ó bẹ̀bẹ̀ tó, nítorí ó lè jẹ́ pé wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kí ẹnìkan sì máa tẹ ọgbẹ́ náà títí dé ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwòsàn.

Bí ó bá wá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà bí omi ẹ̀rọ, tí títẹ̀ kò sì dá a dúró, a ó lo ìso. Ohun tí a ó fi ṣe é wà ní ilé gbogbo wa. Mú ọ̀já tí àwọn ìyá fi ń pọn ọmọ, ká a títí yóò fi fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kí o sì so ó yí apá tàbí ẹsẹ̀ náà ká ní òkè ọgbẹ́, ní ìhà ọ̀dọ̀ ọkàn, kí ó fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe so ó lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Ta kókó kan, gbé igi kékeré tí ó le lé e, bí èyí tí a gé lára orógùn, ta kókó mìíràn lé igi náà, kí o sì máa yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá pátápátá. So orí igi náà mọ́lẹ̀ kí ó má bàa tú. Kọ wákàtí tí o so ó sí iwájú orí aláìsàn. Má ṣe tú u, má sì ṣe dẹ̀ ẹ́, títí yóò fi dé ọwọ́ dókítà. Má ṣe lo wáyà tàbí okùn tín-ín-rín, nítorí yóò gé ẹran ara.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìso ni ó máa ń sọ ènìyàn di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù àsán, nítorí ìso tí ó bá pẹ́ ju wákàtí 2 lọ lè ba ẹran ara jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùkọ́ ìtọ́jú pàápàá sì fi ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun ti kọ́ àwọn dókítà ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 2006, ní ilé-ìwòsàn àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Bàgídádì, wọ́n tọ́ ọ̀ràn ènìyàn 232 tí a lo ìso fún wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2009. Àwọn tí a so ọgbẹ́ wọn kí ara wọn tó dàrú nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, 90 nínú 100 ni ó yè. Àwọn tí a jẹ́ kí ara wọn dàrú kí a tó so ó, 10 péré nínú 100 ni ó yè. Kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ nítorí ìso nìkan. Òtítọ́ ni pé ìso tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n lò, ọ̀já tiwa kò sì lè dára tó o. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí títẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ̀rù nítorí ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ń lọ, ó dà bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí ilé ń jó.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí gidigidi: ìso yìí kì í ṣe ti ejò. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, a kì í so ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í fi abẹ gé ojú ibẹ̀, a kì í sì fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́, má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Oró irú àwọn paramọ́lẹ̀ kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí a bá fi abẹ gé irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwa tìkára wa ni a ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mìíràn sì wà tí ọwọ́ wa kò lè tó. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní ikùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú nínú rẹ̀ tí a kò rí i, àti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìbímọ: fún àwọn wọ̀nyí, kí a má ṣe dúró rárá, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé wọn lọ ní kíá. Ní ti ẹ̀jẹ̀ imú, kí ẹni náà jókòó, kí ó tẹ orí síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn, kí ó sì fi ìka méjì fún ibi tí ó rọ̀ ní imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Kí ni kí a wí nípa ewé? Ewé kan kún etí oko wa, tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ọ̀bẹ gé ìka a máa fún omi rẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ a sì dá. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìka yàtọ̀ sí ọ̀ràn itan. Omi ewé kò lè dí ihò tí ọkàn ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ gbà jáde, ìṣẹ́jú tí a sì fi ń wá ewé nínú igbó ni ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí a fi tẹ ọgbẹ́. Ní ti kẹrosíìnì, ẹtù ìbọn, eérú, erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi wọ́n sí ojú ọgbẹ́ rárá. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí ń mú kí ẹnu ènìyàn há, tí ara rẹ̀ sì le gbagidi títí yóò fi kú. Ẹni tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè abẹ́rẹ́ àrùn náà, kí ó má bàa tún bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn tí ń mú wa dúró lókèèrè ni ẹ̀rù ọlọ́pàá. A ń wí nínú ọkàn wa pé, bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, wọn yóò ní èmi ni mo ṣe é. Bí mo bá sì gbé e dé ilé-ìwòsàn, wọn yóò ní kí n lọ gba ìwé wá. Òfin ti sọ ọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, wí pé ilé-ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin ti ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà wí pé kí ilé-ìwòsàn gbogbo, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbà wọ́n kí ó sì tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá ìbáà wà tàbí kí ó má sí. Ilé-ìwòsàn ni yóò sì fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Òfin kan náà wí pé ẹni tí ó ran irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kí a bu ọlá fún, kí a má ṣe fi ìbéèrè dójú tì í. Ó yẹ kí a kọ òfin méjèèjì yìí sí ara ògiri gbogbo gbọ̀ngàn ìjọ wa, nítorí òfin tí ará ìlú kò bá mọ̀ kò lè gbà á.

Kí ni ó wá kù? Ìmúrasílẹ̀ ni. Èrò mi ni pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà yan ènìyàn méjì ó kéré tán, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí a rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Red Cross, kí àwọn náà sì padà wá kọ́ wa. Kí àwọn ọlọ́kadà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá. Kí àpótí kékeré kan wà ní ilé ìsìn, ní ibùdókọ̀ àti ní aba: aṣọ funfun tí a ti fọ̀ tí a sì ti lọ̀ mẹ́fà, ọ̀já méjì, igi kékeré méjì, ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́, bírò kan àti iná tọ́ọ̀ṣì. A kò lè wí pé kò sí owó fún èyí. Ohun tí a ń ná lórí ṣíṣe ọ̀ṣọ́ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ ìkórè kan yóò ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, yóò sì ṣẹ́kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń gba ẹrù kúrò lórí ìjọba. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀já, ọ̀já kò sì lè di ìjánu fún ọkọ̀ tí kò ní ìjánu. Ọ̀nà tí ó dára, ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, àti ẹ̀jẹ̀ ní ìpamọ́ ní ilé-ìwòsàn, ẹ̀tọ́ wa ni kí a béèrè wọn, kí a má sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ lónìí kò lè dúró de ọ̀nà tí wọn yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, kí baba tàbí ìyá ilé mú ọ̀já kan àti igi kékeré kan, kí ó fi han àwọn ọmọ bí a ti ń so ó, láìfún un. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìrọ̀rí mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ó lè mọ bí ó ti ń rẹ apá tó. Kò ní gbà yín ju ìdajì wákàtí lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kí ó bá ọwọ́ wa ní ibi tí ó yẹ kí ó wà.